Pákó Tó Ṣì Tutù

Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe dé Toronto. Ìtàn ìwé ìrìnnà àti ọkọ̀ òfurufú kò yàtọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wa, ó ti sú mi láti gbọ́, ó sì ti sú mi láti sọ. Pákó mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, pákó tó jẹrà lára ilé àgọ́ àtijọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ara wọn ni mo ti mọ ohun tí mo ti dà lójú àwọn ènìyàn mi nílé.

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Ìwó. Bàbá Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Èmi ni àkọ́bí wọn, wọ́n sì fẹ́ kí n jogún ayùn, ṣùgbọ́n ìwé ni mo fẹ́ kà. Lọ́jọ́ tí mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò owó ní pólì, bàbá mi ò bínú. Àga kan wà nílẹ̀ tí mo kàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju mẹ́ta yòókù lọ. Wọ́n fọwọ́ tì í, ó mì, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ ò gbọ́ èdè igi." Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kọ́ mi ní pólì, n ò gbàgbé ìyẹn.

Òtútù ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá kí a tó wá. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù ní ẹ̀wù tí à ń wọ̀ sí i. Èyí tí kò ní ẹ̀wù ni kí ènìyàn wà láàárín èrò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí i. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo pàdé ìyá arúgbó kan nínú lífítì ilé wa. Mo tẹrí ba díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní, "Good morning, ma." Ìyá náà di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bàtà mi ni mo ń wò nínú lífítì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe.

Ní ti iṣẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo ti ṣiṣẹ́ ní Canada rí. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ ṣe díẹ̀ wá ná. Mo ń bi yín, bí gbogbo ilé iṣẹ́ bá ní kí n lọ ṣe díẹ̀ wá, ta ni yóò fún mi ní díẹ̀ náà? Nígbà tó yá, mo gba iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Vaughan. Páálí táìlì ni à ń gbé. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo ń wọ̀ kí n tó dé ibẹ̀, ọmọ tó jẹ́ ọ̀gá lé mi lórí kò tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń fi orúkọ ìdílé mi ṣeré nítorí ahọ́n rẹ̀ ò gbé e.

Ní oṣù yẹn ni bàbá mi bi mí lórí fóònù pé, "Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Ọ́fíìsì ni. Ìwé owó ni mò ń bá wọn ṣe."

"Alihamudulilahi. Ya fọ́tò ránṣẹ́."

Kí ni n bá ṣe? Mo yá kóòtù aládùúgbò mi kan, mo lọ dúró níwájú ilé gíga kan ní downtown tí n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ sì bá mi ya fọ́tò. Bàbá mi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n fúnra wọn ló kan férémù rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè tábìlì iṣẹ́ wọn níbi tí gbogbo oníbàárà á ti rí i.

Ọdún mẹ́ta ni irọ́ yìí fi gbé láàárín wa. Bí mo bá pè wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, a ó kí ara wa, wọ́n á bi mí nípa òtútù, èmi á bi wọ́n nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á bi mí nípa ọ́fíìsì, èmi á purọ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ẹni tó bá ń bo nǹkan kì í lè sọ̀rọ̀ gùn.

Símbi ló fa ti ilé àgọ́ yìí. Símbi ni ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo ń bá a sọ Yorùbá, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, a sì ti gbà bẹ́ẹ̀ fún ara wa.

"Daddy, everybody in my class goes camping," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Èwo ló ń jẹ́ camping?"

"You sleep outside. In the forest. It's fun."

"Ìyá ìyá mi sùn lóko títí wọ́n fi darúgbó. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé fàájì ni."

Ó wò mí bí ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi sọ fún mi pé ọmọ náà ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì pé àwa náà lọ ní ọdún tó kọjá, pé a rí béárì. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni n óò fi bá a wí? Ọmọ tó bá jọ baba rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jọ ọ́.

Mo mọ Uncle Délé ní ìpàdé àwa ọmọ Ọ̀ṣun. Nígbà ìjọba ológun ni wọ́n ti kúrò nílé, Pickering ni wọ́n ń gbé, àwọn ọmọ wọn ti dàgbà lọ. Wọ́n ní kámpà kan, ilé àgọ́ alágbèéká, ní ẹ̀yìnkùlé. Mọ́tò ni wọ́n fi ń fà á. Bí wọ́n bá ká a, kò ju àpótí ńlá tó ní táyà méjì lọ. Bí ẹ bá tú ìdè rẹ̀ tí ẹ gbé òrùlé sókè, ògiri pákó mẹ́rin tó ká sùn nínú rẹ̀ á dìde, ẹ ó fi ìkọ́ so wọ́n pọ̀, ilé á sì dúró, tòun ti bẹ́ẹ̀dì. Uncle Délé ní bí mo bá lè tún un ṣe, kí n máa gbé e lọ, ó ti ń ba ojú ilé àwọn jẹ́.

Oṣù karùn-ún ni èmi àti Símbi lọ wò ó. Ògiri méjì dìde, ẹ̀kẹta dìde dé àárín, ó sì fà ya lọ́wọ́ mi bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Òórùn rẹ̀ lé wa sẹ́yìn.

"It smells like feet," ni Símbi wí.

"Winter ni, àbúrò," ni Uncle Délé wí. "Snow á jókòó sórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Tó bá ti yọ́, ó ń wá ojú ihò skúrù wọlé. Throw it away, jàre. Èmi náà kàn ń tọ́jú ẹ̀ lásán ni."

N bá ti gba ọ̀rọ̀ wọn. Èmi tí ọwọ́ mi ò gbọ́ èdè igi, kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n mo rò ó níbi tí mo dúró sí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù. N kò tíì fi ọwọ́ mi ṣe ohun kan ní ìlú yìí tí mo lè nawọ́ sí. Mo yọ fóònù, mo pe bàbá mi, mo sì yí ojú fóònù sí pákó náà.

Ẹ ò rí ìyípadà tó dé bá ohùn bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán.

"Kí nìyẹn? Sún mọ́ ọn. Ṣé ikán ni?"

"Omi ni, Bàbá."

"Omi, nínú ilé? Ṣé ẹ̀yin ò kọ́ òrùlé lọ́hùn-ún ni? Fi ìka kàn án. Má fọwọ́ pa á lórí, kàn án bí ẹní kan ilẹ̀kùn. Láti òkè wá sísàlẹ̀. Jẹ́ n gbọ́."

Mo ń kàn án, wọ́n ń gbọ́. Ní òkè, wọ́n ní, "Ìyẹn wà láàyè." Ní àárín, "Ó ń ṣàìsàn." Ní ìsàlẹ̀, kí n tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, "Òkú nìyẹn. Gé e. Má ṣàánú ẹ̀ o, gé e títí dé ibi tó ti ń dún."

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń wọ ọkọ̀ ojúurin lọ sí Pickering. N óò gbé fóònù ti agolo ọ̀dà, bàbá mi á sì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìwó, wọ́n á máa bú mi. Wọ́n kọ́ mi bí a ti ń fá etí pákó àtijọ́ àti ti tuntun ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọ̀kan lè sùn lé èkejì, kí gọ́ọ̀mù sì rí àyè dì wọ́n. Wọ́n kọ́ mi pé kí n di gbogbo ihò skúrù àtijọ́ kí n tó lu tuntun. Èyí tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ojú ń tan ni jẹ, ọwọ́ náà ń tan ni. Ọwọ́ ti le jù. Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kan pákó. Tó bá tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà níkùn ẹ̀. Má kùn ún lọ́dà o. Bí ilé bá ń jó, má kùn ún. Ọ̀dà tí a bá kùn sórí omi, ìdérí ìkòkò ni, á máa sè é níbẹ̀ títí á fi jẹrà tán. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ, baba ọlọ́mọ, ẹni ogójì ọdún ó lé, ní ẹ̀yìnkùlé onílé, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lára pákó.

Lọ́jọ́ kan, mo ń fi ìka tọ́ka sí ojú ìsopọ̀ kan, bàbá mi ní, "Dúró. Kí ló ṣe èékánná rẹ?"

Páálí táìlì ló já lé e. Ó ti dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ilẹ̀kùn ló há mi lọ́wọ́, Bàbá. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì."

Wọ́n sún mọ́ ojú fóònù. Wọ́n wá ní, "Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yín le o. Ó dáa. Fi sánpépà gbo ojú ibẹ̀ yẹn."

Ọjọ́ tí pákó kìn-ín-ní wọlé sí àyè rẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo gbé e, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e. Kò fara gbo ibì kankan. Mo wo ojú fóònù. Bàbá mi yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀.

"Hẹ̀n," ni wọ́n wí.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wọ ọkọ̀ bọ̀ wálé, mò ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè, obìnrin tó jókòó tì mí sì dìde lọ síbòmíràn. Kó máa lọ, kí ló mọ̀?

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu. Mo ní, ọjọ́ tí pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé tí ilé yìí dúró, n óò gbé fóònù yí i ká kí bàbá mi rí gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí i tán, n óò sọ òtítọ́ fún wọn. N óò ní, Bàbá, n kì í ṣe akọ̀wé. Ẹrù ni mò ń gbé. Fọ́tò yẹn, irọ́ ni, ẹ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo fi ọwọ́ mi ṣe é. N kò lè sọ òtítọ́ náà lọ́wọ́ òfo. Mo fẹ́ kí pákó dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó ku pákó kan péré. Ní Sátidé yẹn, mo pe fóònù bàbá mi, Ràṣídì ló gbé e. Àbúrò mi ni Ràṣídì, ó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù nítòsí ṣọ́ọ̀bù bàbá wa. Òun ni kò fẹ́ràn igi rárá, ó ní eruku rẹ̀ ń mú òun sín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá ń sùn."

"Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́?"

"Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni."

Mo dá ṣe pákó kẹrin parí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ràṣídì ní ọ̀fun ló ń dùn wọ́n, dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Mo fi ohùn ránṣẹ́ pé kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Mo rí i lójú fóònù pé ẹnì kan gbọ́ ọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni òjò rọ̀ sí Pickering fún ọjọ́ mẹ́ta, tápólìn tí mo fi bo iṣẹ́ mi sì ká kúrò. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, òòrùn ti yọ, ojú pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti funfun, ẹni tó bá wò ó á ní ó ti gbẹ. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án. Ó tutù.

Uncle Délé jáde wá. "Àbúrò, I need that space o. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ṣebí paint ló kù? Kùn ún jàre, kó máa lọ."

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí bàbá mi. Mo ní, Bàbá, òjò pa á, ó ṣì tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, onílé sì fẹ́ àyè rẹ̀, ṣé kí n dúró ni tàbí kí n kùn ún? Kò pẹ́ tí èsì fi dé, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́: "Bàbá ní kí ẹ kùn ún. Wọ́n ní ẹ ti gbìyànjú."

Mo ka èsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń sọ nǹkan kan fún mi, bàbá mi ń sọ òmíràn. Ta ni mí tí n óò bá Bàbá Káfíńtà jiyàn lórí igi? Kí n má sì purọ́ fún yín, èmi náà ń kánjú. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo gbọ́. Mo ṣí ọ̀dà, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dán. Nígbà tó gbẹ, mo bá Uncle Délé ká a, a sì tì í wọ abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kí àwọn ọmọ lè ráyè ṣeré.

Nílé, mo sọ fún ìyàwó mi pé Bàbá ní mo ti gbìyànjú. Ó ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́. Ó ní, "Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san rere," ó sì gba ilé ìwẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó jáde, mo rò pé àlùbọ́sà ni.

Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àfikún ní Vaughan, n kò sì rí àyè lọ sí Pickering mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ. Sátidé tí mo lọ yẹn ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ mi. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jọ láti inú ọkọ̀. Uncle Délé bá mi fà á síta, mo tú ìdè rẹ̀, mo gbé òrùlé sókè, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde.

Gbogbo ojú ọ̀dà ló ti wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi dúdú ṣàn jáde sí ọwọ́ mi. Òórùn oṣù karùn-ún ti padà dé. Mo kàn án láti òkè wá sísàlẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ mi. Kò sí ibi tó dún.

Mo jókòó sórí koríko. Inú ń bí mi sí bàbá mi, mo ń sọ ọ́ sókè pé, ẹ̀yin lẹ ní kí n kùn ún, ẹ̀yin gan-an lẹ ní bí ilé bá ń jó n ò gbọdọ̀ kùn ún. Ẹnu mi ò tíì dákẹ́ tí mo fi gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Bàbá mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ọ̀fun ń dùn wọ́n, bí ibà ń ṣe wọ́n, bí wọ́n bá ń sín lójú oorun, bàbá mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni kun igi tútù lọ́dà. Wọn ò sì sọ fún mi rí láyé wọn pé mo ti gbìyànjú.

Mo pe Ràṣídì.

"Gbé fóònù fún Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n lọ sí…"

"Ta ló ní kí n kun pákó yẹn?"

 Mo ń gbọ́ títì Ìwó lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń fọn fèrè mọ́tò.

"Ràṣídì, mo ní ta ló ní kí n kùn ún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

Ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù keje ni. Bàbá ń fá pákó lọ́wọ́, wọ́n ní ó rẹ àwọn, wọ́n fi orí lé tábìlì, wọn ò sì gbé e sókè mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ mélòó kan ló kù tí ogójì ọjọ́ yóò pé, ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n tú u fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fúnra yín," ni Ràṣídì wí, ó ti ń sunkún. "Ẹ ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò lè kúrò níbẹ̀ títí ìwé ìgbélùú yín á fi jáde, pé bí ẹ bá jáde wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ fún yín, ẹ ó wá, ẹ ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìyá Símbi náà ní kí a ṣe sùúrù."

"Ìyàwó mi mọ̀?"

"Òun la kọ́kọ́ pè."

Nínú ilé mi, Símbi nìkan ni kò mọ̀, àti èmi. Àwa ọmọdé inú ilé.

Mo ti rò ó láti ọjọ́ yẹn. Bí a bá fẹ́ bo ọ̀rọ̀ nílé wa, a kì í bò ó fún ara ilé. Àlejò ni à ń bò ó fún. Àlejò ni à ń sọ fún pé dáadáa la wà, tí à ń gbé àga tó dára fún, tí a kì í jẹ́ kó wo ìyẹ̀wù. Ní Toronto mo jẹ́ àlejò, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ látinú lífítì. Mo rò pé ibì kan ṣì wà tí mo ti jẹ́ onílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àbúrò mi, ìyàwó mi àti gbogbo ẹbí mi fi ṣe mí lálejò, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Uncle Délé ti gbọ́ ohùn mi. Wọ́n bu omi wá nínú kọ́ọ̀pù, wọ́n jókòó sórí koríko pẹ̀lú sòkòtò funfun wọn.

"Sorry, àbúrò. Me sef, na letter dem take tell me about my papa. Ológun wà níbẹ̀ nígbà yẹn, n ò lè wọlé. By the time the letter came, koríko ti hù lórí sàréè. O máa mọ́ ẹ lára."

Mo wo ọwọ́ tí wọ́n fi di kọ́ọ̀pù mú. Kọ́ọ̀pù ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò mọ̀. Bí ó bá mọ́ ènìyàn lára, kò tíì mọ́ tiwọn. Mo gba omi náà, n kò mu ún. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Ràṣídì ṣì wà lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú nítorí pákó yẹn. N ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn fẹ́ kí inú yín dùn sí i ni."

"Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún Bàbá," ni mo wí. "Mo ń dúró kó parí ni. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, Ràṣídì, kì í ṣe…"

"Wọ́n mọ̀."

"Wọ́n mọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí wọ́n rí èékánná yín. Nígbà tí ẹ pa fóònù tán, wọ́n ní ọwọ́ alágbàṣe ni ọwọ́ ọmọ àwọn. Wọ́n ní ilẹ̀kùn kì í ṣe ọwọ́ báyẹn, ẹrù ló ń ṣe é. Wọ́n sunkún díẹ̀. Wọ́n wá kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi yín, kí ojú má baà tì yín."

"Fọ́tò yẹn ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn oníbàárà á béèrè."

Àgbà tó jókòó sí Ìwó rí mi já, èmi tí mo dúró níbí kò rí nǹkan kan. Láti oṣù karùn-ún ni wọ́n ti mọ̀. Gbogbo Sátidé tí mo ń fi ọ́fíìsì ṣe ọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀, wọ́n ń bá mi gbé e. Ọjọ́ tí wọ́n sọ "Hẹ̀n" yẹn, wọ́n mọ ọwọ́ ta ni wọ́n ń yìn. Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Kí ló dé tí èmi ò sọ? A fẹ́ràn ara wa tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè sọ òótọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n sì ti lọ. Inú ń bí mi títí di òní. Ẹni tó bá ní kí n gbà á fún Ọlọ́run, mo ti gbà á fún Ọlọ́run. Àwa ènìyàn ni n kò tíì forí jì.

Mo pa fóònù. Mo mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ nínú àpò irinṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà náà kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ń ṣí ní abala abala. Uncle Délé dúró lójú fèrèsé, wọn kò sọ fún mi mọ́ pé àwọn fẹ́ àyè wọn. Nígbà tí pákó kìn-ín-ní, èyí tó wọlé wẹ́rẹ́ níjọ́sí, di ìhòòhò, mo kúnlẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án.

Ó tutù. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń dúró kó gbẹ.